Ohun tó wà nínú àpò Ìyá Àgbà Gatewood

Inú àpò náà ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn obìnrin yìí. Wọ́n á ní ìyá arúgbó kan wà ní Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 67, ọlọ́mọ mọ́kànlá tó ti rí ọmọ-ọmọ 23, tó ṣàdédé dìde lọ́dún 1955, tó gbé àpò kọ́ èjìká, tó sì fẹsẹ̀ rin máìlì 2,050 nínú igbó àti lórí òkè. Wọ́n á wá mirí: ọkàn ìyá yìí mà le o! Ọkàn rẹ̀ le lóòótọ́. Àmọ́ Emma Gatewood kò ṣàdédé dìde. Ó ti dán an wò lọ́dún tó ṣáájú, kò bọ́ sí i, ó padà sílé, ó ro ibi tó ti wọ́, ó sì tún un tò.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán àpò yẹn. Aṣọ jíǹsì ni, irú èyí tí wọ́n fi ń rán ṣòkòtò iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń rán pọ̀ lára irú àpò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ po, wọ́n á rán an kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, tí èèyàn bá sì ti fa okùn náà, ẹnu àpò pa dé nìyẹn. Kò ní apá méjì bíi báàgì ọmọ ilé-ìwé, kò ní ìgbànú tó ń gbé ìwúwo ẹrù sórí ìbàdí. Èjìká kan ló ń gbé e kọ́. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà mọ bó ṣe ń ṣe é: ọrùn á kọ́kọ́ máa ro èèyàn, ẹ̀yìn á tẹ̀lé e, kó tó pẹ́ ara á ti wọ́ sí apá kan. Oògùn rẹ̀ kò ju pé kéèyàn máa pààrọ̀ èjìká kí ó tó dùn ún, kí ẹrù náà má sì wúwo. Èyí kejì yìí ni Ìyá Àgbà Gatewood fọwọ́ mú jù. Ẹrù rẹ̀ kì í tó 20 pọ́n-ùn, ìyẹn bíi kílò mẹ́sàn-án. Nǹkan bí 17 pọ́n-ùn ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, oúnjẹ wà nínú rẹ̀.

Kò sí àgọ́ níbẹ̀. Kò sí àpò ìsùn, kò sí máàpù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kúbùsù sójà kan, kóòtù òjò, ọ̀bẹ kékeré, tọ́ọ̀ṣì, pílásítà, áyódíìnì fún ojú egbò, bírò àti ìwé pélébé tó ń kọ ohun tó bá rí sí, pẹ̀lú ìpààrọ̀ aṣọ díẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ni jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kọ́tìnnì ọ̀rá, irú èyí tí wọ́n ń ta sínú balùwẹ̀ kí omi má bàa ta jáde. Òjò ń rọ̀, ó da kọ́tìnnì bo ara àti ẹrù. Ilẹ̀ tutù, ó tẹ́ ẹ sábẹ́. Ọ̀rùlé ahéré ń jò, ó ta á sókè. Kọ́tìnnì kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ nǹkan mẹ́ta, kò sì wúwo ju aṣọ ìlékè kan lọ. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń rin ìrìn orí òkè ń ná owó gọbọi kí ẹrù wọn lè fúyẹ́. Púpọ̀ nínú wọn gbà pé ọ̀gá ni ìyá yìí jẹ́ fáwọn.

Oúnjẹ rẹ̀ náà, ohun tí kò nílò ìdáná ló pọ̀ jù: sọ́séèjì inú agolo, ẹ̀pà, èso àjàrà gbígbẹ, mílíìkì lúbúlúbú, àti àwọn kúùbù ọbẹ̀ tí èèyàn lè pò mọ́ omi. Ẹ̀pà àti ẹran fún òróró, èso àjàrà fún ṣúgà, kúùbù ọbẹ̀ fún iyọ̀ tí òógùn ti gbà lára. Ètò tó dáa ni, àmọ́ kò lè tó. Okun tí ẹni tó ń gun òkè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ń lò ju èyí tí oúnjẹ inú àpò lè fún un lọ, ìyẹn ni ara fi ń fà mọ́ egungun. Ohun méjì ló fi dí àlàfo yẹn: èso àti ewé igbó tó dá mọ̀ láti kékeré, àti tábìlì àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà. Kò tijú láti kan ilẹ̀kùn. Àwọn kan ṣí i, wọ́n fún un lóúnjẹ àti ibùsùn. Àwọn kan wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ti í padà.

Ọ̀rọ̀ bàtà ńkọ́? Bàtà kánfáàsì Keds ni. Àwọn tó gbọ́ ọ nígbà yẹn rò pé àìmọ̀kan ni, torí bàtà awọ gíga ni gbogbo ayé ń wọ̀ lọ sórí òkè. Ẹ wò ó dáadáa. Bàtà awọ wúwo, ẹsẹ̀ ló sì ń gbé e ní gbogbo ìṣísẹ̀. Tó bá wọ omi, ó lè lo ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó gbẹ, awọ tútù á sì máa bó ẹsẹ̀. Kánfáàsì á wọ omi, á ro, á gbẹ lára ẹlẹ́sẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, òkúta á máa gún èèyàn, kò gbá ọrùn ẹsẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ gbó. Bàtà tó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ìrìn àkọ́kọ́ kò dín ní mẹ́fà. Tẹ́ ẹ bá pín in, bàtà kan ń gbé e rin nǹkan bíi máìlì 340. Fún kánfáàsì, ìyẹn kò burú rárá.

Wọ́n bí i lọ́jọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1887, ní Gallia County ní ìpínlẹ̀ Ohio, sínú ilé ọlọ́mọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kíláàsì kẹjọ ló bá ìwé dé. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó wọlé ọkọ ní 1907. Olùkọ́ ni ọkọ náà, ó tún ń gbin tábà. Iṣẹ́ ìyàwó nínú ilé yẹn kọjá ìdáná àti ìtọ́jú ọmọ: ó ń sun ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbin tábà sí, ó ń ṣe ọgbà, ó ń po símẹ́ǹtì. Ọkọ náà a sì máa lù ú. Nígbàkígbà tí ilé bá gbóná kọjá ìfaradà, inú igbó ló ń sá lọ, kó lè rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ ló ti mọ ewé tó ṣeé jẹ àti èyí tí kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Ní 1939, ọkọ lù ú débi tí eyín rẹ̀ kán, tí egungun ìhà rẹ̀ sì sán. Òun náà ju àpò ìyẹ̀fun lù ú. Ṣé ẹ mọ ẹni tí agbófinró gbé lọ? Òun tí wọ́n lù ni. Olórí ìlú kékeré tó wà níbẹ̀ ló rí ojú rẹ̀ tó wú, ló ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ní 1941 ilé-ẹjọ́ tú wọn ká. Lásìkò yẹn, kì í ṣe gbogbo obìnrin ló lè dúró níwájú adájọ́ béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó sì rí i gbà.

Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n sọ pé ọkọ ló ń sá fún tó fi wọ igbó lọ ní 1955. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 14 ti kọjá tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ó ti tọ́ àwọn ọmọ tó kù dàgbà, kálukú ti lọ sílé tirẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kéèyàn kíyè sí: ó gba iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, dọ́là 25 lọ́sẹ̀, ó sì ń tọ́jú owó náà pa mọ́ títí tó fi yege fún owó ìfẹ̀yìntì ìjọba. Èyí tó kéré jù ni wọ́n ń san fún un, dọ́là 52 lóṣù. Owó kékeré, àmọ́ owó tí kì í béèrè ibi tí olówó wà. Bó jókòó sílé, á wọlé. Bó wà lórí òkè, á wọlé. Kò ní í tọrọ lọ́wọ́ ọmọ kankan, ọmọ kankan kò sì ní í lẹ́nu láti sọ pé kó má lọ.

Ìwé ìròyìn National Geographic ti oṣù kẹjọ ọdún 1949 ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà náà hàn án. Appalachian Trail lorúkọ rẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá láti Georgia ní gúúsù títí dé Maine ní àríwá. Ìwé náà kọ ọ́ bí ẹni ń júwe ọgbà ìtura: ọ̀nà mọ́, àmì wà, ahéré sì wà níbi tí ẹsẹ̀ bá ti rẹ èèyàn dé. Ó wò ó, ó ní kò sí obìnrin kan tó ti dá nìkan rìn ín já. Ó rò pé fàájì ni.

Oṣù keje ọdún 1954 ló kọ́kọ́ lọ, láti Maine, ó fẹ́ máa bọ̀ wá sí gúúsù. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti Òkè Katahdin, tó jẹ́ òpin ọ̀nà náà ní àríwá, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí, aginjù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 máìlì ló máa bọ́ sí, kò sí ìlú, kò sí ìsọ̀ tó ti lè ra nǹkan kún oúnjẹ. Apá tó yẹ kéèyàn bá pàdé nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti mọ ìrìn tán, òun ló fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rainbow Lake ló ti yà síbi tí kò yẹ kó yà. Ó wá ọ̀nà, kò rí i. Jígí ojú rẹ̀ fọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí jígí yẹn, torí òun ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ọ̀nà yẹn ṣe ń júwe ara rẹ̀ ni pé wọ́n ń fi ọ̀dà funfun kun ara igi tàbí òkúta: ìlà tó dúró gbọọrọ, íǹṣì méjì ní fífẹ̀, íǹṣì mẹ́fà ní gíga. Kò ju báyẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá rí méjì lórí ara wọn, ọ̀nà fẹ́ yà. Tó bá jẹ́ búlúù, ọ̀nà tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ó lè lọ síbi omi tàbí ahéré. Òfin rẹ̀ kò sì le: tó o bá ti rìn díẹ̀ tí o kò rí funfun, padà síbi tí o ti rí èyí tó kẹ́yìn, má tẹ̀ síwájú pé bóyá wà á rí i. Báwo wá ni ẹni tójú rẹ̀ kò ríran jìnnà ṣe máa rí ohun tó fẹ̀ tó ìka méjì lára igi? Oúnjẹ tán. Nígbà tó padà bá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó pàdé, wọ́n ní màmá, ẹ máa lọ sílé. Ó lọ. Kò sọ fún ọmọ kankan.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó yí i padà. Láti gúúsù ni, Òkè Oglethorpe ní Georgia, tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà nígbà yẹn (1958 ni wọ́n gbé e lọ sí Òkè Springer). Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ló gbéra. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ìlú wà nítòsí ara wọn lápá ibẹ̀, ẹsẹ̀ á ráyè le kó tó kan aginjù. Ooru ń tẹ̀ lé èèyàn lọ sí àríwá, bí gúúsù bá ti ń gbóná jù, ó ti kúrò níbẹ̀. Ó sì ní láti dé Katahdin kí oṣù kẹwàá tó jinlẹ̀, torí òtútù àti yìnyín máa ń ti òkè náà pa. Kí ó tó lọ, ó ti kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: ó ń rìn yípo àdúgbò, ó ń fi díẹ̀ kún un lójoojúmọ́, títí tó fi ń rin máìlì mẹ́wàá lóòjọ́. Ó ní kóun lọ rìn díẹ̀, ìyẹn lohun tó sọ fáwọn ọmọ. Irọ́ kọ́, àbí?

Máìlì 14 lóòjọ́ ni ó já sí tá a bá pín gbogbo rẹ̀. Lálẹ́, tó bá rí ahéré, á sùn síbẹ̀. Igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, iwájú ṣí sílẹ̀, ìyẹn nilé wọn níbẹ̀. Tí kò bá rí, orí òkìtì ewé gbígbẹ, orí tábìlì tí àwọn olùgbafẹ́ ń jẹun lé, tàbí lórí àga jangirọfà níwájú ilé onílé. Tí òtútù bá mú jù, á fi iná yá òkúta pẹlẹbẹ títí á fi gbóná, á sì sùn lé e. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èyí, kó má ṣe kó òkúta látinú odò o. Omi tó ti wọ inú rẹ̀ á di ooru, kò ní í ríbi gbà jáde, òkúta náà á sì bú gbàmù nínú iná. Èyí tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni kó mú, kó jẹ́ kó yá díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó dé Virginia, àwọn oníròyìn gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé, orúkọ "Ìyá Àgbà Gatewood" sì mọ́ ọn lára. Ní oṣù kẹjọ, ìjì líle méjì, Connie àti Diane, tẹ̀ léra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, odò kún àkúnya káàkiri ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Ibi tí èèyàn ń gbẹ́sẹ̀ lé òkúta kọjá tẹ́lẹ̀ ti di odò tó ń ru. Ní Clarendon Gorge ní Vermont, ó dúró, kò kù gìrì wọ omi. Ó dúró títí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì fi dé, wọ́n so okùn mọ́ra, wọ́n fi í sáàárín, wọ́n sì sọdá. Èmi rí èyí gẹ́gẹ́ bí ohun tó gbọ́n jù tó ṣe lójú ọ̀nà náà. Ẹni tó ń dá rìn tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró de ẹlòmíì, odò ló ń gbé irú wọn lọ.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1955 ló dé orí Katahdin, 5,267 ẹsẹ̀ bàtà sókè, lọ́jọ́ kẹrìndínláàádọ́jọ tó ti ń rìn. Ó kọrin, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó wà níbẹ̀, ó ní òun sọ pé òun á ṣe é, òun sì ti ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀, bíi máìlì márùn-ún lórí òkúta, torí kò sí ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lórí òkè yẹn.

Àwọn oníròyìn fẹ́ kó sọ pé ọ̀nà náà dára. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwé tóun kà tan òun jẹ. Igi tó wó dí ọ̀nà, ibi tí iná jó ni wọn kò tún kun àmì sí, ẹrẹ̀ àti yanrìn ti gba ibòmíì, koríko ga dé ọrùn, àwọn ahéré kan ti wó, àwọn kan jóná, àwọn mìíràn sì dọ̀tí débi pé ìta ló sàn kéèyàn sùn. Ó tún ráhùn pé bó ti wù kí òkè tóbi tó, orí òkúta tó ga jù níbẹ̀ náà ni wọ́n máa darí èèyàn gbà. Ó ní ká ní òun mọ̀ bó ṣe le tó ni, òun kì bá tí bẹ̀rẹ̀, àmọ́ òun kò lè fi í sílẹ̀ láàárín. Ariwo ẹnu rẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́: àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà náà jí sí iṣẹ́ wọn.

Lẹ́yìn gbogbo ẹjọ́ yìí, ó padà lọ rìn ín ní 1957. Ó tún rìn ín ní ìpín-ìpín, ó parí rẹ̀ ní 1964, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tó rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́kùnrin lóbìnrin. Láàárín méjèèjì, ní 1959, ó gba ojú ọ̀nà àwọn aṣíkiri àtijọ́, láti Independence ní Missouri títí dé Portland ní Oregon, nǹkan bíi 2,000 máìlì ní ọjọ́ 95. Ẹni ọdún 71 ni. Máìlì 21 lóòjọ́, ó ju ti orí òkè lọ, torí ilẹ̀ tẹ́jú. Àmọ́ kò sí igi, oòrùn ni ọ̀tá ibẹ̀. Agboòrùn ló gbé dání.

Nílé rẹ̀ ní Ohio, ó wà lára àwọn tó dá ọ̀nà ẹsẹ̀ Buckeye Trail sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ń ṣán igbó, ó ń kun àmì ní Gallia County. Ó kú lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1973, ẹni ọdún 85. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sára òkúta sàréè, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tì í: Ìyá Àgbà.

Ibi tó fẹ́ràn jù ní Ohio ni Hocking Hills. Máìlì mẹ́fà tó lọ láti Old Man's Cave, tó gba Cedar Falls, tó sì parí sí Ash Cave ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wá rìn ín lóṣù kìíní, nínú òtútù, bó ṣe máa ń kó wọn rìn nígbà ayé rẹ̀. Ibi tí wọ́n máa ń ṣubú jù ni àtẹ̀gùn òkúta, tí omi bá ti dì sórí rẹ̀: ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹ má ki ọwọ́ sápò, ẹ sì jẹ́ kí ẹrù yín fúyẹ́.